Ẹnu Òǹkàwé Ilé Ni Ìwé Ń Parí Sí

Obìnrin kan ń gun òkè, ó ń wọ́ ewúrẹ́ funfun kan tẹ̀lé ara rẹ̀. Wòlíì tó wà lórí òkè ló ní kó mú un wá, kò sì gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ló ń wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wọlé ọkọ, kò tíì fi oyún ṣe, àwọn àgbà sì ti fa ìyàwó kejì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Yéjídé ni orúkọ rẹ̀, Iléṣà ló ń gbé, inú ìwé ìtàn àròsọ Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tó ń jẹ́ Stay With Me, tó jáde ní 2017, ló sì ti gun òkè náà. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ ní London tàbí New York lè rò pé òǹkọ̀wé ló jókòó hun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ẹni tó bá kà á ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ orí òkè àdúrà. Ó mọ bí ojú ọmọ ṣe ń pọ́n ènìyàn tí kò fi ní mọ ohun tó le àti ohun tó rọ̀ mọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ṣé bó ṣe máa ń rí gan-an nìyí? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èrò mi ni pé ìwé tí a kọ nípa ìlú kan kò tíì parí lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. Ìgbà tí àwọn ará ìlú náà bá kà á, tí wọ́n sì la ẹnu sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ló tó parí. Kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì nìkan ni mo ń bá wí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti ọ́fíìsì ní Àbẹ̀rẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, tíṣà, nọ́ọ̀sì, télọ̀, onídìrí, gbogbo ẹni tó bá ti ń kàwé fún ìgbádùn ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé yẹn fínnífínní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ní 1985, àgbà méjì wọlé tọ Yéjídé wá, wọ́n sì mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan dání. Ẹbí ọkọ ni ọ̀kan nínú wọn. Ìkejì, Ìyá Martha, ìyàwó bàbá Yéjídé fúnra rẹ̀ ni. Àjèjì tó bá kà á á rí àlejò méjì àti ìròyìn burúkú kan. Ẹni tó dàgbà nínú agbo ilé á rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí ẹbí ọkọ bá ti lè rí ẹnìkan mú wá láti ilé bàbá ìyàwó, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ti jókòó lé e lórí níbòmíràn, ìdájọ́ ni wọ́n wá kà fún un. Òǹkọ̀wé kò dúró ṣàlàyé gbogbo èyí, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀. Bákan náà ni orúkọ ìwé náà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bẹ̀ tí tọkọtaya lè bẹ ara wọn ni. Yorùbá tó bá dé ibi tí wọ́n ti sọ ọmọbìnrin kan ní Rótìmí ló máa mọ̀ pé ìyá àbíkú ló ń bẹ ọmọ pé kó má lọ mọ́. Òun náà ló máa rántí pé ọ̀pọ̀ Rótìmí tí a mọ̀ ládùúgbò ló jẹ́ Olúwarótìmí, tó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ló dúró ti òbí. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni ọ̀kan, ẹkún ni èkejì. Nígbà tí ìtàn sì bá mú ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ládìde wọlé, òǹkàwé ilé á rí bí ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní àbíkú àti ohun tí dókítà rí nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe bára wọn pàdé lára ọmọ kan ṣoṣo.

Ẹni tó mọ ibi tí ìwé náà dùn dé yìí náà ló lè sọ ibi tó kù sí. Michiko Kakutani, tó ń yẹ ìwé wò fún ìwé ìròyìn New York Times nígbà náà, kọ nípa rẹ̀ ní 2017, ìwé náà sì dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn Baileys tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin òǹkọ̀wé lọ́dún kan náà. Ìyìn tó tọ́ ni. Síbẹ̀, ó ní ìbéèrè kan tí kò yẹ kí òǹkàwé ilé gbé mì. Àṣírí kan wà nínú ìgbéyàwó Yéjídé àti Akin, ọkọ rẹ̀, mi ò ní tú u fún ẹni tí kò tíì kà á, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn náà ló rọ̀ mọ́ ọn pé Yéjídé kò tètè mọ̀. Obìnrin tó ka ìwé ní yunifásítì Ifẹ̀, tó ní ilé ìṣerunlóge, ibi tí àwọn obìnrin ti ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ níbòmíràn létí ara wọn lójoojúmọ́: ṣé irú rẹ̀ lè wà nínú òkùnkùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní ó ṣeé ṣe, torí ìtìjú àti ìfẹ́ máa ń di ènìyàn lójú. Àwọn kan á ní rárá. Ní tèmi, ó ṣòro fún mi láti gbà. Mo sì tún rí i pé ìdìtẹ̀gbàjọba 1985 àti ìbò 1993 tó wà nínú ìwé náà kàn ń kọjá bí ìròyìn rédíò tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí. Àwọn àléébù yìí kò ba ìwé náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilé onídìrí lè gbé irú ìbéèrè yìí dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ìwé kejì Adébáyọ̀, A Spell of Good Things, jáde ní 2023. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé mẹ́tàlá tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn Booker lọ́dún náà. Ilé méjì ló wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, Wúràọlá jẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọmọ olówó ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ń lù ú. Nínú èkejì, Ẹniọlá jẹ́ ọmọ tíṣà tí ìjọba lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń nà ní ilé ẹ̀kọ́ torí owó tí òbí rẹ̀ kò rí san. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ: ìtàn ni. Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí wọ́n yọ ìtàn kúrò lára ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ní Nàìjíríà, bí ẹni pé ohun tó ti kọjá kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ìwé yìí ju èyí àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìṣèlú kò kọjá lẹ́bàá ilé nínú rẹ̀ bí ìròyìn rédíò mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó jókòó sídìí àwo oúnjẹ. Ohun kékeré kan sì tún wà tí ojú Yorùbá á tètè rí: àmì ohùn wà lórí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì yìí. Wúràọlá àti Ẹniọlá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n. Ohun tí mo kà sí àbùkù ni pé ilé méjèèjì pẹ́ jù kí wọ́n tó pàdé, nígbà tí wọ́n sì pàdé, nǹkan bàjẹ́ kíákíá débi pé a kò ráyè ṣọ̀fọ̀.

Bí bàbá Ẹniọlá bá ṣì ní kíláàsì tó ń kọ́, ìwé wo ni ì bá gbé lé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́? Ọ̀kan wà tí kò ṣeé fo kọjá: Ijeshas and Nigerians, tí J. D. Y. Peel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, tó sì jáde ní Cambridge ní 1983. Láti òpin ogun Kírìjì títí di nǹkan bí 1970 síwájú ni ó fi tọ ipasẹ̀ Iléṣà: Ọwá, ọba ìlú náà, àti àwọn olóyè rẹ̀, kòkó, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú, àti àwọn òṣómàáló. Ìwé ìtàn àròsọ ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ìwé tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Nídìí ti àkọ́kọ́, ohun tí a ń béèrè ni pé ṣé irú ènìyàn báyìí lè ṣe irú nǹkan báyìí. Nídìí ti kejì, a ń béèrè pé ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ẹ mú òṣómàáló gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà á ta ọjà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó bá di ọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tó bá gbowó rẹ̀. Létí Ìjẹ̀ṣà, orúkọ akíkanjú ni òṣómàáló, ẹni tó fi sùúrù àti ẹsẹ̀ rírìn kọ́lé. Létí àwọn tí wọ́n lóṣòó sí lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ ìnira ni. Peel náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn máa ń rí. Ní 1984, ó kọ àpilẹ̀kọ mìíràn láti fi hàn bí àwọn ará Iléṣà ṣe ń pìtàn àtijọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń dù lónìí. Ọmọ ilé olóyè tó bá ka ìwé rẹ̀ ló lè sọ pé ibi báyìí, bí ilé wa ṣe ń sọ ọ́ ni. Ibi báyìí, bí ilé kejì ṣe ń sọ ọ́ ni. Àjèjì tó ń kà á kò ní mọ̀ pé ilé méjì ló wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí àjèjì náà ló kọ ọ́, kí ni àǹfààní òǹkàwé ilé nígbà náà? Yorùbá ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó dà bí ẹni pé Peel àti Karin Barber já òwe yìí nírọ́. Barber wá sí Òkukù, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo, láàárín 1970 sí 1980, ó bá àwọn obìnrin tó ń ki oríkì gbé fún ọdún mẹ́ta, ìwé I Could Speak Until Tomorrow sì jáde ní 1991. Nínú rẹ̀ ni a ti bá akéwì obìnrin kan, Ṣàngówẹ̀mí, pàdé, tí oríkì kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kí ló jẹ́ kí àwọn àlejò yìí ríran? Ojú àwọn onílé ni wọ́n yá. Peel kò bá ọ̀rọ̀ náà ọ̀làjú wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu àwọn ará Iléṣà ló ti gbọ́ ọ, ó sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1978, láti fi hàn pé Yorùbá ti ní èrò tirẹ̀ nípa ìdàgbàsókè kí ìjọba tó kó tiwọn dé. Bí ohùn onílé bá wúlò tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé, kò sí ìdí tí kò fi ní wúlò nígbà tí a bá ń kà á. Mo tilẹ̀ lè sọ pé ìgbà yẹn gan-an ló pọn dandan, nítorí pé ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ ni ìwé yíyẹ̀wò, pé ẹni tí kò kọ́ ọ kó gbẹ́nu dákẹ́. Mi ò kóyán iṣẹ́ lámèyítọ́ kéré. Òun ló lè fi hàn wá bí ìtàn ṣe so kọ́ra, ibi tí òǹkọ̀wé kan ti mú ọgbọ́n òmíràn, àti ohun tí èdè ń ṣe lábẹ́nú. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, kò sígbà kan tí iṣẹ́ ọnà jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ nìkan. Òǹwòran ló ń sọ fún eégún aláré pé eré dùn tàbí kò dùn, owó tó ń fún un sì wà lára ìdájọ́ rẹ̀. Òṣogbo ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1962, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, orúkọ Igbo kan, Mbari, ni wọ́n mú wá láti Ìbàdàn. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sì fi etí Yorùbá yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀: bí a bá rí i, inú wa á dùn. Orúkọ tí àwọn òǹwòran fún un ló mọ́ ọn lórí títí dòní. Ẹ tún wo Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Kí Túndé Kèlání tó sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àti lẹ́yìn rẹ̀, àríyànjiyàn lórí Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fẹ́, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, kò mọ sí kíláàsì. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà ló ní ìdájọ́ tirẹ̀ lórí Àjàní, tó sì lè tọ́ka sí ibi tó ti ṣìṣe. Bí ìwé ṣe ń pẹ́ láyé nìyẹn.

Wọ́n á ní òǹkàwé lásán máa ń ṣìnà. Òótọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti pẹ́. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde, obìnrin ẹlẹ́wà tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ ayé tó ti jẹ. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí i, àwọn kan gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n sì ń fi ìtàn rẹ̀ kọ́gbọ́n. Ní ti Amos Tutùọlá, nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, akéwì Dylan Thomas yìn ín, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1954, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti wa. Ọ̀kan nínú wọn ní kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde rárá. Wọ́n ṣì í ní ti èdè, nítorí pé èdè yẹn gan-an ló gbé Tutùọlá yọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé àlọ́ ilé wa ló wà nínú rẹ̀, àti pé D. O. Fágúnwà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Yorùbá ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣìnà. Àwọn lámèyítọ́ London kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ní ti Sẹ̀gilọlá, àṣìṣe àwọn tó gbà á gbọ́ ló jẹ́ ká mọ bí ọwọ́ I. B. Thomas ṣe dá tó. Nítorí náà, àṣìṣe òǹkàwé kì í ṣe ìdí láti pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á tún un ṣe. Bó bá dákẹ́, àṣìṣe rẹ̀ á bá a kú, òótọ́ tó mọ̀ á sì bá a lọ.

Ewu kan wà tí mo gbà pé ó tó ewu. Òǹkàwé ilé lè máa gbèjà orúkọ ìlú dípò kó máa yẹ ìwé wò. Á rí ìtàn ọkọ tó ń lu ìyàwó, tàbí ti olóyè tó ta ilẹ̀ onílẹ̀, á ní òǹkọ̀wé ba ìlú jẹ́. Ó yẹ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níbí. "Kò rí bẹ́ẹ̀" jẹ́ ìdájọ́ tó wúlò, ẹni tó bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí. "Kò yẹ kó sọ ọ́" kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìwé rárá. Ẹ̀rù tiwa ni. Ìlú tí kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ àìdáa rẹ̀ kò ní rí ẹni gba ìyìn rẹ̀ gbọ́. Ní ti àwọn tó ní ìwé ti wọ́n, tàbí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ nínú wọn, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá, kò sì sófin tó ní a kò gbọdọ̀ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá tilẹ̀ fi Yorùbá sọ ọ́, ẹni tí kò ka ìwé náà á gbọ́, òun náà á sì ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tóbi. Nígbà tí ìwé kan tí wọ́n kọ nípa ìlú yín bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má pa á dé kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ wá ibi kan nínú rẹ̀ tó rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ wá ibi kan tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tí ìwé náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ìwé tí kò fi ẹnìkan sílẹ̀. Lójú mi, nínú ìwé Peel, ohùn olóyè àti olóṣèlú ló ga jù. Ìyálọ́jà tó ń ta aṣọ nígbà kan náà kò rí àyè tó báyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ojú ewé kan. Ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ yín, sí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, sí orí ètò rédíò OSBC tó bá fún yín láyè. Ẹ̀rín tàbí ìbínú àwọn tó ka Akéde Èkó ní 1929 ì bá ti kọjá bí afẹ́fẹ́ ká ní wọn kò fi í ránṣẹ́ sí olóòtú. Wọ́n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ṣìnà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí a fi lè mọ̀ lónìí ohun tí àwọn Yorùbá rò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí irú ìtàn gígùn bẹ́ẹ̀ kà ní èdè ara wọn.